Ọ̀nà Iyọ̀, Láti Teguidda-n-Tessoumt Dé Parakou

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá. Káún jẹ́ ọ̀kan, ràkúnmí jẹ́ èkejì, dàbínù àti àlùbọ́sà tẹ̀ lé wọn. Kò sí ìyá ilé kan ní Parakou, ì báà ṣe Yorùbá, Bààtọ́nù tàbí Dẹ́ńdì, tí kò mọ káún. Òun ni wọ́n ń sọ sínú ìkòkò ẹ̀wà kí ó lè tètè jinná, òun kan náà ni wọ́n fi ń se ewédú. Ràkúnmí ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò fojú rí i rí, síbẹ̀ wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀wé kà. Ẹnu àwọn Haúsá, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Gàmbàrí, ni a ti gba ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ kì í dá rìn. Bí ó bá rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ẹrù ni ó gbé e wá, ènìyàn ni ó sì da ẹran tí ó ru ẹrù náà.

Ìdí nìyí tí àwa olùkọ́ márùn-ún láti Parakou fi dìde ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, ní àkókò ìsinmi ọdún Kérésì, tí a forí lé ìhà àríwá. Méjì nínú wa ń kọ́ni ní ìtàn àti jọ́gíráfì, àwọn yòókù sì ń kọ́ni ní èdè Faransé, ní ìṣirò àti ní ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè. Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó tì wá jáde. A ti fi àwòrán pápá iyọ̀ Uyuni hàn wọ́n ní kíláàsì, èyí tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Bòlífíà, lórí ilẹ̀ tí ó fi 3,600 mítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju òkun, tí ó sì fẹ̀ ju 10,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. A ṣàlàyé bí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ṣe ń ti gbogbo ayé wá wò ó, tí afinimọ̀nà ń fi ọkọ̀ jíìpù mú wọn la ibẹ̀ kọjá fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní: “Iyọ̀ tí àwọn baba ńlá wa ń jẹ ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti ń bù ú?” Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn pé láti inú òkun ni. Ìdáhùn náà kò burú, nítorí pé ní Djègbadji, lẹ́bàá Ouidah, àwọn obìnrin ṣì ń se iyọ̀ láti inú erùpẹ̀ etí ọ̀sà títí di òní. Ṣùgbọ́n ìdajì ìdáhùn ni. Ìdajì kejì wà ní àríwá, a kò sì fẹ́ kà á nínú ìwé nìkan.

Kí a rántí irú ìlú tí Parakou jẹ́. Kí àwọn Faransé tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí, ibùsọ̀ èrò ni. Àwọn oníṣòwò Haúsá àti Wàngárà tí ń ti ilẹ̀ Haúsá lọ ra obì ní Gonja, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Gánà lónìí, a máa gba ilẹ̀ Bọ̀rgú kọjá. Nikki, Parakou àti Djougou wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Káún àti iyọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń kó bọ̀ láti òkè. Obì ni wọ́n ń kó padà. Àdúgbò Zongo tí a ní títí di òní, àmì ẹsẹ̀ wọn ni. Nígbà tí àwọn Faransé dé, wọ́n la ojú irin láti Cotonou, wọ́n sì pè é ní Bénin-Niger. Ojú irin náà rìn ní 438 kìlómítà, ó dé Parakou, ó dúró. Kò fojú kan Odò Ọya. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ akẹ́rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlú wa. Ibi tí ọ̀nà kan parí sí, tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ni à ń gbé.

A wọ ọkọ̀ láti Parakou lọ sí Malanville, ìrìn tí ó lé ní 300 kìlómítà. A gba orí afárá Odò Ọya sọdá sí Gaya, a dé Dosso, ibẹ̀ ni a sì ti wọ bọ́ọ̀sì tí ó gba Birni N'Konni àti Tahoua lọ sí Agadez. Bí a ṣe ń lọ ni igi ń kúrú sí i, tí àárín wọn sì ń jìnnà síra. Lẹ́yìn Tahoua, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi bí ẹni ń ka owó tí ó ń tán lọ. Nígbà tí a dé Agadez, ohun tí ojú wa kọ́kọ́ bà lé ni ilé ìpèrun mọ́ṣáláṣí àtijọ́ ìlú náà. Amọ̀ àti igi ni a fi kọ́ ọ, ó ga ní 27 mítà, àwọn igi sì yọrí jáde lára rẹ̀ bí ọ̀pá ara òòrẹ̀.

Nígbà náà, ìlú náà kún fún àlejò. Láti ìgbà tí ìjọba àti àwọn Tùárẹ́gì tí ó dìtẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1995, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ti ń padà wá díẹ̀díẹ̀, bàálù sì ń ti ilẹ̀ Faransé gbé wọn wá tààrà ní ìgbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò mìíràn tún wà. Ní ibùdókọ̀, a rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n jókòó lórí gálọ́ọ̀nù omi, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lọ sí Líbíà. A gbọ́ Yorùbá lẹ́nu méjì nínú wọn, a kí wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí kò lè ju ogún ọdún lọ, wo àpò ẹ̀yìn wa, ó béèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà ń kọjá lọ ni?” A ní rárá, a ní aṣálẹ̀ ni a wá wò. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni gbọ́ àwàdà, nígbà tí ó sì rí i pé a kò ṣe àwàdà, ó dákẹ́. A fún wọn ní búrẹ́dì tí ó kù lọ́wọ́ wa, a súre fún wọn. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn wa ní gbogbo ọjọ́ tí a lò.

A bá ilé-iṣẹ́ kékeré kan ṣe àdéhùn ọjọ́ mẹ́jọ: ọkọ̀ jíìpù méjì, awakọ̀ méjì, alásè kan àti afinimọ̀nà kan. Afinimọ̀nà wa jẹ́ Tùárẹ́gì ará òkè Aïr, ọkùnrin tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Nítorí pé ó dàgbà ju gbogbo wa lọ, Bàbá ni à ń pè é, òun a sì máa pè wá ní “ẹ̀yin olùkọ́.” Ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Haúsá. Ó sọ fún wa pé àwa ni ará Benin àkọ́kọ́ tí òun yóò mú lọ wo aṣálẹ̀. Àwọn ọmọ ìhà gúúsù yòókù tí òun mọ̀, Líbíà ni wọ́n ń lọ, wọn kò sì bẹ òun rí kí òun fi ohunkóhun hàn wọ́n.

A kọ́kọ́ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, a sì sùn ní In-Gall, ìlú ọgbà dàbínù. Lẹ́yìn àkókò òjò lọ́dọọdún, àwọn darandaran a máa da màlúù àti ràkúnmí wọn wá sí agbègbè yìí kí wọ́n lè jẹ koríko àti omi tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, a forí lé àríwá fún nǹkan bí 80 kìlómítà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, títí òkìtì amọ̀ fi yọ ní ọ̀ọ́kán. Bàbá ní: “Teguidda-n-Tessoumt nìyẹn.” Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìsun iyọ̀.

Ẹni tí ó bá ń retí pápá funfun bíi ti Uyuni yóò wọ̀tún, yóò wòsì, kò ní rí i. Àwọ̀ amọ̀ ni ohun gbogbo ní. Ìgbà tí a gun orí òkìtì ni a tó rí iṣẹ́ ilẹ̀ náà: àìmọye kòtò kéékèèké tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀ líle, tí wọ́n yí àwọn kòtò ńlá ká bí ọmọ ṣe ń yí ìyá ká nídìí oúnjẹ. Omi inú wọn kò bára dọ́gba ní àwọ̀. Òmíràn pupa rúsúrúsú, òmíràn ní àwọ̀ ewé, òmíràn ti ń di funfun lójú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe iyọ̀ náà nìyí. Omi ìsun ibẹ̀ ní iyọ̀ nínú, ṣùgbọ́n iyọ̀ náà kò pọ̀ tó. Wọn a ha erùpẹ̀ oníyọ̀ láti agbègbè ibẹ̀, wọn a dà á sínú kòtò ńlá, wọn a bu omi ìsun lé e, wọn a pò ó pọ̀. Nígbà tí amọ̀ bá sílẹ̀ tán, wọn a rọra bu omi òkè rẹ̀ sínú àwọn kòtò kéékèèké. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ a mu omi, iyọ̀ a sì bo ojú rẹ̀ bí èèpá. Wọn a há èèpá náà kúrò, àwọn obìnrin a mọ ọ́n ní ìṣù, wọn a sá a kí ó gbẹ. Amọ̀ tí a ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn òkìtì tí a rí láti òkèèrè nìyẹn. Kì í ṣe òkè àdáyébá, iṣẹ́ ọwọ́ ìrandíran ni. Bí òjò bá dé, iṣẹ́ a dúró, nítorí àgbàrá a bo kòtò mọ́lẹ̀. Bí òjò bá lọ, wọn a tún bẹ̀rẹ̀.

Nínú àdéhùn wa, wákàtí kan péré ni ó yẹ kí a lò níbẹ̀. Àwọn àlejò kan ti ṣáájú wa dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti ya àwòrán, wọ́n ti lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ ayàwòrán yọ láàárín wa, obìnrin kan tí ń mọ iyọ̀ fi ọwọ́ bojú. Ó sọ̀rọ̀, Bàbá sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa: “Ó ní gbogbo ẹni tí ó ń wá ni ó ń mú ojú òun lọ. Kò sí ẹni tí ó ń mú iyọ̀ lọ.” Kò sí ẹni tí ó fèsì nínú wa. Ẹ̀rọ náà padà sínú àpò.

Ọ̀rẹ́ wa tí ń kọ́ni ní ìṣirò ni ó ṣí ọ̀nà fún wa. Dẹ́ńdì ni ìyá rẹ̀. Èdè tí ó fi ń ra ọjà ní Parakou láti kékeré ni. Ó dúró ti ọmọkùnrin kan tí ń ka ìṣù iyọ̀ sínú àpò, ó dẹtí, lójijì ni ó bá a kà á: fo, hinka, hinza. Ọmọ náà gbójú sókè. Èdè tí àwọn ará In-Gall àti Teguidda ń sọ, Tasawaq, ìbátan èdè Sọ́ńgáì ni, bẹ́ẹ̀ sì ni Dẹ́ńdì. Ọ̀rọ̀ Tùárẹ́gì pọ̀ nínú tiwọn, wọ́n sì ti gba òǹkà Lárúbáwá fún àwọn nọ́ńbà ńláńlá, ṣùgbọ́n ení, èjì àti ẹ̀ta kò yí padà. Láti etí aṣálẹ̀ yìí dé ọjà ìlú wa, ó ju 1,000 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ènìyàn lè ka iyọ̀ níbẹ̀ kí a gbọ́ ọ níhìn-ín. Obìnrin tí ó fi ọwọ́ bojú sún lórí ẹní rẹ̀, ó ní kí ọ̀rẹ́ wa jókòó. A bẹ Bàbá, ó gbà, a sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ìṣù iyọ̀ méjìlá ni a rà.

Láti ibẹ̀ a padà sí Agadez, a sì kọjú sí ìlà-oòrùn. A sùn ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè Bagzane, tí ṣóńṣó wọn ga ní 2,022 mítà. Kò sí òkè tí ó ga jù ú lọ ní ilẹ̀ Niger. Òtútù òru ibẹ̀ kọjá aṣọ tí a kó dání. Ní ọjọ́ karùn-ún, a wọ Ténéré, a sì dé ibi tí igi kan ṣoṣo ti dúró rí. Akaṣíà ẹlẹ́gùn-ún ni igi náà, kò sì sí igi mìíràn ní tòsí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrìn. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 1938, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ ju 30 mítà lọ kí ó tó kan omi. Ní 1973, awakọ̀ akẹ́rù kan fi ọkọ̀ wó o. Wọ́n gbé òkú igi náà lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey, wọ́n sì ri igi onírin sí ipò rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ wa kọ̀, tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Fachi ni a ń lọ lọ́jọ́ kejì, ìlú iyọ̀ tí ó wà láàárín Agadez àti Bilma. Méjì nínú wa ní kí a kó sínú ọkọ̀ kan tí ó kù, kí a dé ibẹ̀, kí a padà. Owó ti jáde lápò, a kò sì lè sọ ìgbà tí a ó tún dé ibẹ̀. Bàbá kò gbóhùn sókè. Ó ní: “Ọkọ̀ kan kì í wọ Ténéré.” Ó ní kí wọ́n sọ gálọ́ọ̀nù omi kalẹ̀, ó kà wọ́n lójú gbogbo wa, ó sọ iye ọjọ́ tí wọ́n lè gbé wa, ó sì béèrè pé bí ọkọ̀ kejì bá kọ̀ ní àárín yanrìn, ta ni yóò wá wa? Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n fi òru náà tú ẹ́ńjìnnì.

Ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, a gbọ́ ẹsẹ̀ lórí yanrìn. Ọ̀wọ́ ràkúnmí ni, ó lé ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n so wọ́n mọ́ra ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bọ̀ láti Bilma. Kantu ni wọ́n rù, ìyẹn iyọ̀ tí àwọn ará Bilma ń rọ sínú igi ọ̀pẹ tí a gbẹ́ nínú, tí ó ń jáde bí òpó. A fi ẹní wé wọn kí wọ́n má baà fọ́. Koríko tí ràkúnmí yóò jẹ wà lára ẹrù pẹ̀lú, nítorí kò sí èyí tí wọn yóò rí jẹ lójú ọ̀nà. Àkọsílẹ̀ sọ pé ní 1906, ràkúnmí tí ó jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó 20,000. Èyí tí a rí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró. Ẹsẹ̀ ni àwọn tí ń dà wọ́n fi ń rìn, láti òwúrọ̀ kùtùkùtù di òru, wọ́n sì ń mu tíì lórí ìrìn. Wọ́n wo ọkọ̀ wa tí ó ṣí ẹnu sílẹ̀, wọ́n kí wa, wọ́n kọjá.

Bàbá bá wọn rìn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó padà, ó jókòó tì wá, ó ní: “Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bá baba mi rin ọ̀nà yìí nítorí iyọ̀. Títí dé ọjà Haúsá ni à ń lọ, a ó fi iyọ̀ gba ọkà. Nísinsìnyí, mo ń mú ènìyàn wá wo àwọn tí ń ru iyọ̀. Owó èyí pọ̀ ju owó ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n bí àlejò kò bá wá, n kò ní nǹkan kan. Àwọn tí ẹ rí yẹn, bí àlejò wá bí kò wá, iyọ̀ wọn wà.”

A kò dé Fachi. Ọkọ̀ kan fi okùn fa èkejì, a sì padà sí Agadez ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí a dé Parakou, a gbé ìṣù iyọ̀ kan lọ sí Zongo, sọ́dọ̀ bàbá Haúsá kan tí ó ti ń ta iyọ̀ ẹran àti káún kí a tó bí wa. Ó há a díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ ẹran ni. Ó ní ti Bilma kò korò bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ fún wa nípa baba tirẹ̀, tí ó fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó káún wá láti ilẹ̀ Haúsá sí Parakou, tí ó ń ti ibẹ̀ lọ sí Djougou. Wákàtí méjì ni ó fi sọ̀rọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wà ní ìsọ̀ náà, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kọjá ní iwájú òun lójoojúmọ́, olùkọ́ kan kò sì yà béèrè nǹkan kan rí.

Ní oṣù Kejì ọdún 2007, ọ̀tẹ̀ mìíràn bẹ́ sílẹ̀ ní Aïr. Bàálù àwọn àlejò kò wá sí Agadez mọ́. Ní ọdún kan náà ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti wa yuréníọ́mù ní Azelik, tí kò jìnnà sí Teguidda. Bàbá fi fóònù pè wá lẹ́ẹ̀kan ní ọdún náà. Ó ní ọkọ̀ jíìpù méjèèjì wà ní ilé, táyà wọn ti rọ̀. Òun ti padà sí ọgbà rẹ̀ ní òkè, ó ń gbin àlùbọ́sà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ afinimọ̀nà lọ́dọ̀ rẹ̀, ti lọ sí Líbíà.

Ohun tí a mú bọ̀ láti ìrìn-àjò náà tí a fẹ́ fi lé àwọn ará ẹgbẹ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kò ju èyí lọ. Aṣálẹ̀ kì í ṣe ibi òfìfo tí a ń lọ wò kí ẹnu lè yà wá. Ibi iṣẹ́ ni, ọ̀nà ni, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti ń bá wa dòwò pọ́ kí a tó mọ orúkọ ara wa. Lónìí, orúkọ kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa mọ ọ̀nà àríwá sí ni ọ̀nà Líbíà. Bí a kò bá kọ́ wọn pé ọ̀nà iyọ̀, káún àti àlùbọ́sà ni, pé ènìyàn ń gbà á lọ tí ó sì ń gbà á bọ̀, wọn yóò máa rò pé lílọ nìkan ni ọ̀nà náà mọ̀.

Kò dìgbà tí a bá tó dé Agadez kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì wa kan máa ń rin láti ibùdó ojú irin lọ sí Zongo, láti Zongo lọ sí ọjà Arzèkè, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láàárín ọdún. Ìbéèrè mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò kan: kí ni ẹ ń tà, níbo ni ó ti wá, ta ni ó gbé e wá? Wọ́n ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní Faransé àti ní èdè ilé wọn. Ìwé àkọsílẹ̀ náà ti di mẹ́ta. A pe ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ bá wa rìn ní oṣù Kejìlá tí ń bọ̀: ibùdó ojú irin ni a ó ti pàdé, ní aago méje òwúrọ̀. Kí ẹ jọ̀wọ́ mú owó díẹ̀ dání, kí ẹ lè ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá bi ní ìbéèrè.